Kí O Tó Ra Fláàṣì fún Àwòrán Kòkòrò: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Ibafo

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ní lẹ́ǹsì tó ń sọ èèrà di ńlá, o sì ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta fláàṣì tí wàá so mọ́ ọn. Inú mi dùn sí i gidigidi. Láti Ibafo títí dé Mowe, ìyàwó, òkú àgbà àti ìpàdé àdúrà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé kámẹ́rà ń yà. Iṣẹ́ tó níyì ni, òun ló sì ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n wo ilẹ̀ tí a ń gbé yìí: àbàtà Odò Ògùn wà lápá kan, oko ẹ̀gẹ́ àti oko ìrẹsì Ọ̀fadà wà lápá kejì, ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí dáadáa sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó wù mí kí ọmọ àdúgbò yìí ló yà wọ́n fún wa. Fláàṣì ni yóò sọ bóyá àwòrán náà á dára, fláàṣì náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ná owó lé lórí lọ́nà tí kò yẹ. Gbọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kí o tó lọ sí ọjà.

1. Kọ́kọ́ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà sọnù. Tí àwòrán èèrà lórí sẹ́ńsọ̀ bá tóbi tó èèrà náà gẹ́lẹ́, ìyẹn ni pé o wà ní 1:1, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún kámẹ́rà. Tí o bá gbé e dé ìlọ́po márùn-ún, ìdá kan nínú 36 ló kù. Ìṣirò rẹ̀ kò le: fi 1 kún iye ìlọ́po tí o wà, kí o wá fi èsì rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ihò lẹ́ǹsì náà ń yí padà bẹ́ẹ̀. f/8 tí o ń rí lójú kámẹ́rà, f/16 ló ń ṣiṣẹ́ ní 1:1, f/48 ló sì ń ṣiṣẹ́ ní 5:1.

O lè sọ pé ṣebí oòrùn wà. Ní ọ̀sán gangan, tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, pẹ̀lú ISO 100 àti f/8 ní 5:1, ṣọ́tà rẹ yóò ní láti ṣí fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Láàárín àkókò yẹn èèrà ti sá lọ, ọwọ́ rẹ ti gbọ̀n, atẹ́gùn sì ti gbé ewé náà. Bí lẹ́ǹsì ṣe ń sọ èèrà di ńlá ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ náà di ńlá. O kò sì lè ṣí ihò lẹ́ǹsì sílẹ̀ gbayawu kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ní f/2.8 lórí Canon MP-E 65mm, tí wọ́n ṣe ní 1999 fún irú iṣẹ́ yìí nìkan, ibi tó ń mọ́ kedere ní 5:1 kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Tí ojú kòkòrò bá mọ́ kedere, ẹnu rẹ̀ kò ní mọ́. Tí o bá sì pa ihò náà dé jù, àwòrán yóò rọ̀, kò ní mú mọ́. Nítorí náà f/8 tàbí f/11 dára ní 1:1, ṣùgbọ́n bí o bá ti kọjá ìlọ́po mẹ́ta, f/4 tàbí f/5.6 ni kí o máa lò.

2. Fláàṣì ni ṣọ́tà rẹ. Fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo ń sọ lọ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò lè bá fláàṣì ṣe pọ̀ kọjá 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń bẹ̀rù pé èyí lọ́ra jù fún kòkòrò tó ń sáré. Ṣùgbọ́n ní ISO 100 pẹ̀lú ihò kékeré, tí oòrùn kò bá ràn tààrà sí kòkòrò náà, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kò tilẹ̀ hàn nínú àwòrán rẹ. Dúdú ni gbogbo rẹ̀ títí fláàṣì yóò fi bù yẹ̀rì. Àkókò tí iná náà fi tàn nìkan ni kámẹ́rà rí. Harold Edgerton, olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ti fi èyí han ayé láti àwọn ọdún 1930, nígbà tó ń fi iná kúkúrú dá ìkán omi àti ọta ìbọn dúró nínú àwòrán.

Fláàṣì tí a ń gbé sórí kámẹ́rà máa ń dín agbára rẹ̀ kù nípa pípa iná náà kíákíá. Bí agbára bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń kúrú tó. Iléeṣẹ́ Godox kọ ọ́ fún fláàṣì wọn TT685 pé láti 1/300 ìṣẹ́jú àáyá ni ó ti bẹ̀rẹ̀ tó fi dé 1/20,000. Nítorí náà má ṣe lo gbogbo agbára fláàṣì láé fún kòkòrò tó wà láàyè. Láti 1/8 agbára rẹ̀ wá sísàlẹ̀ ni ibi tó ti ń dára. Má sì tan HSS, ètò tó ń jẹ́ kí fláàṣì bá ṣọ́tà tó yára gan-an ṣiṣẹ́. Ọ̀nà yẹn ń ṣẹ́ iná sí wẹ́wẹ́ jálẹ̀ gbogbo àkókò tí ṣọ́tà fi ń kọjá, ìkékúrú tí o ń wá yóò sì bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

3. Fláàṣì tí o fi ń ya ìyàwó ní Sátidé ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ì báà jẹ́ Godox TT600 tàbí Yongnuo YN560, agbára rẹ̀ ju ohun tí èèrà ń fẹ́ lọ. Nọ́ńbà agbára tí wọ́n ń kọ sára páálí, ibi jíjìn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kòkòrò tìrẹ kò jìnnà sí lẹ́ǹsì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ tí o bá wà ní 5:1 lórí MP-E. Agbára tó ṣẹ́ kù kò ṣòfò, nítorí òun ló ń jẹ́ kí o lè dúró ní 1/16 tàbí 1/32, kí iná kúrú, kí bátìrì pẹ́, kí fláàṣì sì tètè gbára dì fún àwòrán tó kàn. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba fláàṣì kékeré jù nímọ̀ràn bó tilẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́.

Owó rẹ yẹ kó lọ sórí okùn tàbí tríígà tí yóò jẹ́ kí fláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà, àti irin tí yóò gbé e wá síwájú lẹ́ǹsì. Irin yìí, wẹ́dà àdúgbò lè tẹ pẹlẹbẹ kan fún ọ kí ó sì lu ihò méjì sí i. Tí lẹ́ǹsì tìrẹ kò bá kọjá 1:1, òrùka tí a fi ń dojú lẹ́ǹsì 28mm délẹ̀ yóò gbé ọ kọjá ìlọ́po méjì ní owó táṣẹ́rẹ́.

4. Fláàṣì olóruka ni wọn yóò kọ́kọ́ nà sí ọ ní Computer Village ní Ìkẹjà, torí pé wọ́n kọ "macro" gàdàgbà sára rẹ̀. Mọ ibi tó ti wá kí o tó sanwó. Lester Dine ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1952, dókítà eyín ló sì ṣe é fún, nítorí wọ́n ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọ inú ẹnu lọ láìní òjìji. Ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa títí dòní. Ṣùgbọ́n òjìji ni ojú wa fi ń mọ̀ pé nǹkan yọ síta tàbí pé ó jin sínú. Gba òjìji kúrò lára kòkòrò, gbogbo irun àti egungun ìta rẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó tún burú sí i ni pé òrùka funfun yóò yọ ní ojú kòkòrò náà àti ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán, ẹni tó bá rí àwòrán náà kò sì ní lè wo nǹkan mìíràn.

Òrùka LED olówó pọ́ọ́kú tún wà, èyí tí iná rẹ̀ ń tàn láìparẹ́. Fi í sílẹ̀. Kò ní agbára tó, kò sì lè dá nǹkan tó ń rìn dúró. O lè fi ríran láti wá kòkòrò lábẹ́ ewé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fláàṣì oníméjì, tí orí kan wà lọ́tùn-ún tí èkejì wà lósì lẹ́ǹsì, ni àwọn ọ̀gá ń lò: Canon MT-26EX-RT tó jáde ní 2017, Nikon R1C1 ti 2005, Godox MF12 tí owó rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó dára púpọ̀. O lè jẹ́ kí ọ̀kan lágbára ju èkejì lọ, kí òjìji lè wà níbi tí o fẹ́. Síbẹ̀, tí o kò bá fi nǹkan bò wọ́n lójú, àmì funfun méjì tó ń gún ni lójú ni wàá rí lára kòkòrò. Èrò tèmi ni pé fláàṣì kan ṣoṣo tí a bò dáadáa yóò ya àwòrán tó sàn ju ti oníméjì tó wà níhòòhò lọ, mo sì lè dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn níwájú ẹnikẹ́ni.

5. Dífúsà ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni kí o ti lo ọgbọ́n rẹ. Bí kòkòrò ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ ni kí o máa rò, má ro bí ìwọ ṣe ń rí i. Fláàṣì tó wà ní ìdajì mítà sí i dà bí oòrùn ọ̀sán, ó kéré, ó mú, òjìji rẹ̀ dúdú kirikiri. Ike funfun tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kòkòrò náà, ti bo ìlàjì ojú ọ̀run lójú rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ti gbòòrò, òjìji sì ti rọ̀.

Ohun tí a fi ń ṣe é wà ní ilé: abọ́ áísìkiriìmù funfun, ike tí wọ́n ń di ráìsì sí níbi ayẹyẹ, pépà tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń da àwòrán kọ. Fi páálí júùsì tí inú rẹ̀ ń dán ṣe ọ̀nà tí iná yóò gbà láti ẹnu fláàṣì wá síwájú lẹ́ǹsì, kí ó má baà fọ́n ká dànù. Jẹ́ kí àyè wà láàárín ẹnu fláàṣì àti ike funfun náà. Tí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ra, àárín ike nìkan ni yóò mọ́. Tí o bá lè fi ìpele méjì ṣe é, tí àyè wà láàárín wọn, yóò tún dára sí i. Tẹ̀ ẹ́ kó kọjá ẹnu lẹ́ǹsì díẹ̀, kó ṣíji bo kòkòrò láti òkè wá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tó ti òkè wá ni ojú wa mọ̀, èyí tó bá ti ìsàlẹ̀ wá ń dẹ́rù bani.

Bí o ṣe máa dán an wò rèé. Tọrọ bọ́ọ̀lù béárìn kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní etí ọ̀nà márosẹ̀, nù ún mọ́, kí o yà á. Gbogbo àṣírí dífúsà rẹ yóò hàn lára irin yẹn: bí ó ṣe tóbi tó, ibi tó ti dúdú, ibi tí iná ti dà pọ̀ sójú kan. Ẹ̀yìn ọ̀bọ̀ǹbọ̀n àti ojú eṣinṣin yóò ṣe ohun kan náà. Máa tún un ṣe títí tí funfun ara bọ́ọ̀lù náà yóò fi tẹ́ láti etí dé etí. Yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò náà. Ìmọ́lẹ̀ fláàṣì súnmọ́ ti ọ̀sán, nǹkan bí 5,500K, ṣùgbọ́n ike mìíràn máa ń pọ́n ọ́n. Ya pépà funfun kan kí o fi ṣàtúnṣe white balance.

Mo fẹ́ kí o rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Kòkòrò fall armyworm tó ń jẹ àgbàdo, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní 2016 ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kéde pé ó ti wọ Nàìjíríà, Benin àti Tógò. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn ìdin mìíràn ni àmì Y tó dorí kodò ní iwájú orí rẹ̀, àti tóótòòtó dúdú mẹ́rin tó tò ní igun mẹ́rin súnmọ́ ìdí rẹ̀. Orí ìdin náà ń dán. Tí o bá yìnbọn fláàṣì lásán sí i, iná yóò bo àmì Y náà, àgbẹ̀ tó bá gba àwòrán rẹ kò ní lè mọ ohun tó ń jẹ oko rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá rọ̀, àmì náà yóò hàn ketekete.

6. Fi ọwọ́ ara rẹ ṣètò agbára iná. TTL, tí kámẹ́rà fi ń yan agbára iná fúnra rẹ̀, wúlò níbi ìgbéyàwó, níbi tí àlejò ń súnmọ́ ọ tí ó tún ń jìnnà. Níbi iṣẹ́ kòkòrò, bí ìlọ́po kò bá ti yí padà, ọ̀nà tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti kòkòrò kò lè yí padà. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni. Wá agbára tó bá 1:1 mu, wá èyí tó bá 2:1 àti 5:1 mu, kọ wọ́n sí ìwé kékeré, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fláàṣì. TTL a máa tan ọ́ jẹ nígbà tí kòkòrò bá dúdú, yóò da iná bò ó; èyí tó funfun, yóò sọ ọ́ di eérú.

7. Ṣọ́ra fún fláàṣì tòkunbọ̀. Àwọn tó ti pẹ́ láti ìgbà fíìmù, bí àwọn Vivitar 283 àtijọ́ kan, ń rán iná tó ju 200 fólítì lọ gba ẹsẹ̀ wọn wọ inú kámẹ́rà. Kámẹ́rà fíìmù lè fara dà á. Kámẹ́rà dígítà òde òní lè jóná nítorí rẹ̀. Má gbé e sórí kámẹ́rà rẹ láìjẹ́ pé oníná kan ti fi mítà wọ̀n ọ́n, tàbí kí o lo tríígà tí kò ní okùn, kí iná náà má baà kan kámẹ́rà rárá.

Má sì tú fláàṣì. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀yin ọmọ ìwòyí yá sí títú nǹkan, ẹ sì ń tún fóònù ṣe lójú pópó. Kapásítọ̀ inú fláàṣì ń gba nǹkan bí 300 fólítì, kì í sì í tú u sílẹ̀ bí o bá ti yọ bátìrì. Ó lè pa ènìyàn.

8. Wo ohun tó wà lẹ́yìn kòkòrò. Ìmọ́lẹ̀ fláàṣì ń tètè kú bó ṣe ń jìnnà. Ewé tó jìnnà sí fláàṣì ní ìlọ́po mẹ́wàá ju kòkòrò lọ, ìdá kan nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni àwòrán ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń dà bí èyí tí a yà lóru, tí ẹni tó ń wò ó kò sì mọ ibi tí kòkòrò ń gbé. Ti ewé tútù kan tàbí ìtànná kan sẹ́yìn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan náà yóò kàn án.

9. Bátìrì tó ṣeé gba iná padà, ti NiMH, ni kí o rà, ẹ̀ẹ̀mejì iye tí fláàṣì ń gbà. Gba iná sí i nígbàkigbà tí NEPA bá mú un wá, má dúró di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

10. Lọ ní ìdájí. Ní àbàtà wa yìí, ìrì máa ń sẹ̀ sára koríko títí di nǹkan bí aago méje ààbọ̀, ara kòkòrò tutù, kò lè fò lọ bọ̀rọ̀. Wọ bàtà gígùn nítorí ejò, wo ilẹ̀ kí o tó kúnlẹ̀ nítorí ìjàlọ. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, èsúnsún yóò jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ ní ẹwà tí mi ò lè fẹnu sọ tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, torí náà gbé fláàṣì kejì sẹ́yìn rẹ̀ ní agbára tó kéré jù lọ. Má pa ohunkóhun nítorí àwòrán.

Lọ sí oko ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú. Wo abẹ́ ewé tó lọ́ pọ̀, o lè rí kòkòrò funfun bí ẹfun níbẹ̀, tó fẹ́ pa gbogbo ẹ̀gẹ́ Áfíríkà run ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Agbọ́n kékeré kan tí kò tó mìlímítà méjì ló gbà wá. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un wá, IITA sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba World Food Prize ní 1995. Agbọ́n tó bọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa ní gààrí, mélòó nínú wa ló ti rí ojú rẹ̀? Ní 5:1, gígùn rẹ̀ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà kan lórí sẹ́ńsọ̀ rẹ. Ara kòkòrò funfun yẹn yóò tètè jóná nínú àwòrán, dín iná kù ní ìlàjì. Agbọ́n náà dúdú, ó sì ń dán, ike funfun rẹ ni yóò gbà á là. Méjèèjì nínú àwòrán kan ṣoṣo ni ìdánwò tó le jù tí mo lè gbé fún ọ.

Tí o bá fẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ mọ́ kedere, wàá ya àwòrán púpọ̀, wàá máa sún kámẹ́rà síwájú díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì so wọ́n pọ̀. Ayàwòrán kan, Levon Biss, ṣe é fún kòkòrò inú mùsíọ́mù Oxford, ó sì pàtẹ wọn ní 2016. Àwòrán kan ṣoṣo lè gba ju 8,000 lọ, nítorí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ sí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún. Dúró kí fláàṣì gbára dì pátápátá kí o tó tẹ èyí tó kàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan á mọ́, ọ̀kan á ṣókùnkùn, kọ̀ǹpútà á sì dà wọ́n rú.

11. Kọ ọjọ́ tí o ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí o ti yà á, irú ewé tí kòkòrò náà wà lórí rẹ̀, ìlọ́po tí o lò, agbára iná àti ike tó wà lójú fláàṣì. Fi fáìlì náà pamọ́ sí ibi méjì. Tí o bá ti ní ogún tó dára láti oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo, kó wọn wá fún mi, a ó jọ gbé wọn lọ sí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí àwọn tó mọ orúkọ wọn lè sọ fún wa ohun tí o yà.